Wọ́n Ń Dákú Nínú Sinimá: Kí Ni Terrifier 2 Ṣe sí Ara Àwọn Òǹwòran?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìròyìn kan gba orí Twitter kan. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń dákú nínú sinimá lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń bì, àwọn míì ń dìde jáde nígbà tí fíìmù ò tíì dé ìdajì. Terrifier 2 lorúkọ fíìmù yẹn. Nígbà tí ariwo náà pọ̀, Steve Barton, ọ̀kan lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, bọ́ sórí Twitter fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọgbọ́n àtitajà o, òótọ́ ni, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó múra sílẹ̀.

Bí irú ìròyìn báyìí bá jáde, ẹ̀yin náà mọ nǹkan tí àwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn kan á ní, "Ojo ni wọ́n jàre. Fíìmù lásán!" Àwọn míì á ní irọ́ ni, wọ́n kàn fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn onírọ́-ni yẹn sílẹ̀ ná, a ṣì máa padà síbẹ̀. Ti "ojo ni wọ́n" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹni tó dákú nítorí pé ó rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù kọ́ ló gbé e ṣubú. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ohun tí ẹ̀rù máa ń ṣe sí ara.

Kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fíìmù náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Slasher ni, ìyẹn irú fíìmù tí apànìyàn kan á ti mú ọ̀bẹ tàbí àáké, á wá máa pa àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan (àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń jẹ́) títí á fi ku ẹyọ ẹnì kan. Apànìyàn inú Terrifier ń jẹ́ Art the Clown. Ó kun ojú ní funfun àti dúdú, ó dé fìlà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kò sì ní lanu sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. David Howard Thornton ló ṣe é, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Damien Leone ló kọ fíìmù náà, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló tún wà nídìí ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, torí pé mékọ́ọ̀pù fíìmù niṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Owó tí wọ́n ná jẹ́ nǹkan bí $250,000, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ fíìmù àkọ́kọ́ ló dá a jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú àwọn ará Hollywood, owó yẹn ò tó owó oúnjẹ. Àmọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là ni fíìmù náà pa wọlé.

Owó kékeré yẹn kan ọ̀rọ̀ wa o. Leone ò lówó kọ̀ǹpútà ńlá tó máa ya ọgbẹ́ fún un, rọ́bà àti omi pupa ló fi ṣiṣẹ́, ọwọ́ lásán. Kò sì sí iléeṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa sọ pé, "Gé ibí yìí kúrò, ó ti pọ̀ jù." Bó ṣe di fíìmù oníṣẹ́jú 138 nìyẹn, tí kámẹ́rà ò sì gbójú kúrò nígbà tí fíìmù mìíràn ì bá ti gbójú kúrò. Ìran kan wà níbẹ̀, nínú yàrá ọmọbìnrin kan, tí mi ò ní ṣàpèjúwe fún yín níbí torí pé ẹlòmíì lè máa jẹun lọ́wọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà ò dúró.

Ẹ wá fi wé Halloween tí John Carpenter ṣe lọ́dún 1978. Slasher lòun náà, owó táṣẹ́rẹ́ lòun náà ná, nǹkan bí $300,000 sí $325,000. Ìbòjú tí apànìyàn inú rẹ̀ ń dé, wọ́n rà á ní iye tí kò tó $2. Ojú Captain Kirk ti Star Trek ni wọ́n fi ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn kùn ún ní funfun ni! Àmọ́ bí ẹ bá wo Halloween lónìí, ó máa yà yín lẹ́nu bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣe kéré tó. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ké nínú sinimá, wọ́n fò lórí àga, wọ́n di ara wọn mú. Òkùnkùn, ìdúró, orin dùùrù tí Carpenter fúnra rẹ̀ kọ, àti ariwo òjijì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí Halloween ń bá jà nínú ara yín, ọ̀tọ̀ ni èyí tí Terrifier 2 ń bá jà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń da ọ̀rọ̀ yìí rú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rù. Tí ariwo òjijì bá dún, iṣan ìpéǹpéjú yín á ti fèsì kí ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá. Ẹ ò tíì mọ̀ pé ẹ gbọ́ nǹkan kan nígbà yẹn. Ẹ ti ta gìrì tán kí ọpọlọ tó máa ronú tó dé. Lẹ́yìn náà ni apá kan tí wọ́n ń pè ní amygdala á dá sí i, tí àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín á sì tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè. Irun ara á dìde. Ẹ wò ó, nígbà tí àwọn bàbá wa sọ pé "orí mi wú" àti "àyà mi já," wọn ò purọ́ rárá, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lára ni wọ́n ń ròyìn.

Ìwádìí kan tiẹ̀ wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ ní Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, kó èèyàn 24 jọ, wọ́n ní kí wọ́n wo fíìmù ẹlẹ́rù kan tó ń jẹ́ Insidious, kí wọ́n sì tún wo fíìmù kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí champagne. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn ṣáájú fíìmù kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó wà fún dídì ẹ̀jẹ̀, factor VIII, lọ sókè nígbà tí wọ́n wo fíìmù ẹlẹ́rù ju ìgbà tí wọ́n wo ti ọtí lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò dì ní ti gidi o. Ara wọn kàn ń múra sílẹ̀ ni, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣá wọn lọ́gbẹ́.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nìyẹn: ọkàn ń sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga, ara ti ṣe tán láti sá tàbí láti jà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Báwo wá ni ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa dákú? Dídákú ò ní ìtumọ̀ méjì níbí, kí ẹ̀jẹ̀ má tó nínú ọpọlọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìbẹ̀rù tó ju agbára èèyàn lọ ti rí i pé ẹni tó ń bẹ̀rù ejò, ẹni tó ń bẹ̀rù ibi gíga, ẹni tó ń bẹ̀rù ajá, ọkàn gbogbo wọn á sáré, kò sì wọ́pọ̀ kí wọ́n dákú. Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ àti abẹ́rẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Tiwọn máa ń ní ìpele méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ọkàn á sáré díẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, láìròtẹ́lẹ̀, nǹkan á yí padà: iṣan kan tó ń jẹ́ vagus, tó gùn láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá sí àyà àti ikùn, á fa ìjánu ọkàn. Ọkàn tó ń sáré á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀, pàápàá ti ẹsẹ̀, á sì fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sísàlẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Òógùn tútù á bo onítọ̀hún, etí rẹ̀ á máa hó, ojú rẹ̀ á ṣú, inú á máa rìn ín, kí ó tó mọ̀, ó ti wà nílẹ̀.

Nílẹ̀ yẹn gan-an ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Tí orí bá ti wà ní ipele kan náà pẹ̀lú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ò nílò agbára láti gòkè mọ́, á dé ọpọlọ, onítọ̀hún á sì lajú. Kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan.

Kí ló dé tí ara máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ó jẹ́ láti dín ẹ̀jẹ̀ tó máa dà nù kù tí ọgbẹ́ bá wà, àwọn kan ní ó dà bí ẹranko tó ń díbọ́n pé òun ti kú. Ìjà yẹn ò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀, mi ò sì ní bá wọn dá sí i. Èyí tó dájú ni pé ó máa ń rìn nínú ẹbí. Bí bàbá ẹnì kan bá ń dákú nídìí abẹ́rẹ́, kí wọ́n má bú ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

"Àmọ́ ṣebí wọ́n mọ̀ pé omi pupa ni?" Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kú, omi á ṣì máa bọ́ lójú rẹ̀. Apá ọpọlọ tó mọ̀ pé Leone ló po ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́ ló ń darí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti kan ọrùn, ló ń darí rẹ̀, ibẹ̀ ò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì sinimá lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí "fíìmù lásán" ò fi jẹ́ èsì. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ṣe mọ ọgbẹ́ ṣe tó ni ara òǹwòran ṣe máa gbà á gbọ́ tó, Leone sì ti ń ṣe ọgbẹ́ tipẹ́tipẹ́.

Ti èébì yàtọ̀ díẹ̀. Ìríra ló ń fa ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rù. Ìríra wà láti má ṣe jẹ́ ká jẹ nǹkan tó ti bà jẹ́ tàbí ká fọwọ́ kan nǹkan tó lè kó àrùn ràn wá. Nígbà tí ojú bá rí ẹran ara tó ya, ikùn á pa ìlù tó ń bá bọ̀ tì. Tí ẹnì kan bá sì bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín, torí pé ìyẹn máa ń ranni.

Ẹ tún má gbàgbé inú sinimá fúnra rẹ̀. Fíìmù oníṣẹ́jú 138, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan lè má tíì jẹun, ibẹ̀ lè gbóná. Gbogbo ìyẹn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rọ̀ sí ẹsẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín, ó wá dìde lójijì láti sáré lọ ilé ìtura. Ohun tó burú jù lọ tó lè ṣe nìyẹn! Ìdìde yẹn ló máa gba ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù lórí rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn tó ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò àfojúbù kan, tèmi ni o, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ $10 tàbí kó lé díẹ̀. Mílíọ̀nù 15 dọ́là túmọ̀ sí pé ó lé ní mílíọ̀nù kan tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bíi mẹ́ta sí mẹ́rin ló ní ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ yìí débi tó fi jẹ́ àìlera. Púpọ̀ nínú wọn ò ní sún mọ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, mo gbà. Àmọ́ kódà bó bá jẹ́ ẹnì kan péré nínú 10,000 ló dákú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn. Twitter ò nílò ọgọ́rùn-ún. Márùn-ún ti tó láti mú kí gbogbo ayé gbọ́. Ìyẹn ni pé èèyàn lè dákú ní tòótọ́, kí fíìmù náà má sì lágbára tó bí ìròyìn ṣe sọ.

Ọgbọ́n ọjà náà ò sì ṣàjèjì. Ní 1958, William Castle ra ìwé ìdánilójú ẹ̀mí lọ́wọ́ Lloyd's of London fún fíìmù rẹ̀ Macabre: ẹni tí ẹ̀rù bá pa níbi tó ti ń wò ó, wọ́n máa san $1,000 fún ẹbí rẹ̀. Ní 1963, nígbà tí Blood Feast jáde, wọ́n ń pín àpò èébì fáwọn òǹwòran. Nígbà tí The Exorcist sì dé ní ìparí 1973, ìròyìn kún fún àwọn tó dákú àtàwọn tó bì, ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé ò sì dín kù. Èmi ò rí ìdí tí mo fi ní láti yan ọ̀kan. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé wọ́n dákú, kó tún jẹ́ òótọ́ pé ìròyìn náà tajà. Ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ti kà á kó tó wọlé á ti máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bá lù díẹ̀, á ní "ó ti dé nìyí o." Ìdààmú yẹn fúnra rẹ̀ wà lára nǹkan tó lè gbé e dé ìpele àkọ́kọ́.

Àmọ́ kí ló mú kí àwọn tó kù, tó pọ̀ jù lọ, jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín? Ní Denmark, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Aarhus lọ sí ilé ẹlẹ́rù kan ní ìlú Vejle, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó kí wọ́n lè dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ èèyàn 110 láti máa ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Wọ́n rí i pé ìgbádùn ń pọ̀ bí ẹ̀rù ṣe ń pọ̀, títí dé ibì kan; tó bá ti kọjá ibẹ̀, ìgbádùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ò dọ́gba fún gbogbo wa. Art the Clown mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe àwàdà láàárín ìpànìyàn, kí àwọn òǹwòran lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gbé wọn gòkè. (Mi ò lè sọ pé mo gbádùn rẹ̀ o. Halloween ló wù mí.)

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Fíìmù rọrùn, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má wò ó. Àmọ́ ara kan náà tó ṣubú nínú sinimá ló máa gbé lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dákú nítorí fíìmù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tó ń sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí eyín ń dùn ún látọdún tó kọjá tí kò sì lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni torí pé ojú ń tì í. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti lè gba ẹ̀mí.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì rọrùn. Onímọ̀ ará Sweden kan, Lars-Göran Öst, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí àwọn míì bá ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé kó fara balẹ̀, kó dẹ ara sílẹ̀, ti ẹlẹ́jẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń já wálẹ̀, ẹ tún ní kó dẹ ara sílẹ̀! Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó fún ara le: kó di ẹ̀ṣẹ́, kó fún apá, ẹsẹ̀ àti ikùn le fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, títí ojú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kó wá dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, kó má sùn sórí àga pátápátá, kó tún fún un le. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, kó fi apá tí wọ́n fẹ́ gún sílẹ̀ láìfún un. Kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú pé òun máa ń dákú. Wọ́n lè ní kó dùbúlẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ṣubú níwájú yín, ní sinimá tàbí níbikíbi, ẹ má gbé e dìde. Mo mọ̀ pé nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ká gbé e jókòó, ká máa gbọ̀n ọ́n, ká da omi sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí èrò kúrò lórí rẹ̀. Tó bá ń bì, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara rẹ̀ lè gbọ̀n pẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lórí, kò túmọ̀ sí wárápá, nítorí náà ẹ fi ṣíbí sílẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó bá jí, kó má tètè dìde. Àmọ́ bí kò bá jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, tàbí tó bá forí gbá nǹkan, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tó jẹ́ pé eré sísá tàbí iṣẹ́ agbára ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dákú tí kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ Art the Clown. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.